Bí A Ṣe Ń Se Tíì Oníwàrà Eléròjà ti Ilẹ̀ Íńdíà Nínú Ilé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ní kí ènìyàn wá mu tíì, ó lè jẹ́ Bọ́nfítà ni wọn yóò gbé fún un, ó lè jẹ́ Milo, ó sì lè jẹ́ ewé tíì inú àpò kékeré tí a rì bọ omi gbígbóná. Ohun kan ni gbogbo wọn fi jọra: inú ife ni a ti ń pò wọ́n. Tíì àwọn ará Íńdíà tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ìkòkò, lórí iná, ni wọ́n ti ń sè é bí ẹni ń se ọbẹ̀: omi, èròjà, ewé tíì, wàrà àti ṣúgà ń wọlé tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí èyí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyẹn ti mọ̀ ọ́n sè tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ ra èròjà tí ó wọ́n jù lọ lọ́jà, omi wàrà olóòórùn lásán ni yóò máa mu.

Orúkọ tíì yìí ní èdè Híńdì ni masala chai. Chai ni tíì, masala sì ni àdàpọ̀ èròjà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ chai àti ọ̀rọ̀ tíì ti jọ wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ó yàtọ̀: èyí tí ó bá àwọn oníṣòwò gba orí ilẹ̀ kọjá Páṣíà di chai, èyí tí ó bá ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Họ́láńdì kúrò ní etíkun Fujian di ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà, tí àwa náà sì gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo ní láti sọ díẹ̀ nípa ìtàn rẹ̀, nítorí pé ìtàn náà ni ó sọ irú ewé tí ó yẹ kí ẹ rà. Igi tíì ti wà nínú igbó Assam, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Singpho ń mu ún nígbà tí Robert Bruce, oníṣòwò ará Skọ́tíláńdì kan, rí i lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1823. Ní ọdún 1839 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Assam Company sílẹ̀, oko tíì sì di ńlá, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewé náà ń lọ. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí àwọn tó ni oko tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó tíì fún àwọn ará Íńdíà fúnra wọn, pẹ̀lú owó tí wọ́n ń rí láti ara owó-orí tíì tí òfin ọdún 1903 gbé kalẹ̀. Àwọn tí ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà gba ewé náà, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìlànà òyìnbó. Wọ́n bu wàrà sí i dáadáa, wọ́n bu ṣúgà, wọ́n gún atalẹ̀ àti àwọn èròjà mìíràn sí i, inú àwọn olóko kò sì dùn sí i, nítorí pé ewé díẹ̀ ni irú tíì bẹ́ẹ̀ ń gbà. Nígbà tí William McKercher ṣe ẹ̀rọ kan ní Assam ní nǹkan bí ọdún 1930, èyí tí ń tẹ ewé tíì fọ́, tí ń fà á ya, tí ó sì ń ká a di hóró kéékèèké, tíì tí ó le, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, tí owó rẹ̀ kò sì ga wá di ohun tí tálákà lè rà. Ewé oníhóró yẹn, tí wọ́n ń kọ CTC sí ara páálí rẹ̀, ni ó yẹ fún tíì tí a fẹ́ sè.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Ìwọ̀n tí mo fẹ́ fún yín yìí yóò tó ife méjì. Ẹ wá omi 300 mìlílítà àti wàrà 250 mìlílítà. Díẹ̀ yóò fà lórí iná, ìyókù yóò sì tó. Ẹ wá ṣíbí tíì méjì ewé CTC tí ó kún dáadáa, atalẹ̀ tútù tí ó tó oríkèé àtàǹpàkò kan, kádámọ́mù aláwọ̀ ewé hóró mẹ́rin, kànáfùrù méjì, ata dúdú oníhóró mẹ́rin tàbí márùn-ún, àti èèpo sínámọ́nì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ tí ó kéré jù lọ. Ṣúgà wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò mu ún, ṣùgbọ́n ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin fún gbogbo ìkòkò ni mo máa ń lò.

Nínú gbogbo èròjà wọ̀nyí, atalẹ̀ àti kádámọ́mù ni ọ̀gá. Bí owó yín kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ fi àwọn méjèèjì yìí nìkan sè é, tíì náà yóò sì dára. Ọ̀pọ̀ ilé ní Íńdíà kì í fi ju ìyẹn lọ ní ọjọ́ iṣẹ́. Kádámọ́mù, tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní elaichi, ń hù lórí àwọn òkè Kerala ní gúúsù. Ìbátan atare wa ni, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ìbátan atalẹ̀, ẹni tí ó bá la hóró rẹ̀ yóò rí àwọn èso dúdú wẹ́wẹ́ tí yóò rán an létí atare lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi atare rọ́pò rẹ̀. Atare ń ta, kádámọ́mù ń tutù lẹ́nu. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ó ṣì ń tàn díẹ̀, ni kí ẹ rà. Èyí tí ó ti ṣá, tí èèpo rẹ̀ funfun bí bébà, ti pàdánù òórùn rẹ̀. Ẹ tún yẹra fún kádámọ́mù ńlá dúdú, nítorí òórùn èéfín tí ó wà lára rẹ̀. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi ìyẹn sè.

Kànáfùrù kò ṣàjèjì sí wa, ọ̀dọ̀ àwọn elégbòogi ni ẹ ti máa rí i. Ẹ ṣọ́ra fún un, nítorí pé kànáfùrù mẹ́rin nínú ife méjì yóò mú kí tíì náà máa rùn bí oògùn eyín. Sínámọ́nì, tí Bíbélì Yorùbá pè ní kinamoni, ni èèpo igi tí ó ká bí ìwé. Òun ni ó ń fún tíì ní adùn tí kì í ṣe ti ṣúgà. Ata dúdú ń fi ìgbóná sí ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gbé e mì. Bí ẹ kò bá rí i, ìbátan rẹ̀ iyèré lè ṣe é, hóró méjì péré, nítorí pé iyèré lágbára, ó sì ní òórùn igbó nínú.

Lórí ọ̀rọ̀ wàrà, mo fẹ́ kí a fara balẹ̀. Ní Íńdíà, wàrà màlúù tàbí ti ẹfọ̀n ilé ni wọ́n ń lò, ti ẹfọ̀n sì ní ọ̀rá púpọ̀. Ọ̀rá yìí ni ó ń rọ tíì náà lójú, tí kì í jẹ́ kí ó fa ahọ́n pọ̀. Nítorí náà, wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ni ẹ rí rà, ẹ kọ́kọ́ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó ronú kan tíì, nítorí àìsàn. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì olómi inú agolo tí kò ní ṣúgà, wọ́n ti fa ju ìdajì omi rẹ̀ kúrò, nítorí náà ẹ bu omi tí ó tó ìwọ̀n rẹ̀ lé e: 125 mìlílítà mílíìkì pẹ̀lú 125 mìlílítà omi. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì ẹlẹ́bú, nǹkan bí 30 gíráàmù ni ẹ ó fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ pò nínú ife lọ́tọ̀ títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ má da ẹ̀bu sínú ìkòkò tí ń hó, nítorí yóò ṣù ni. Ẹ ka ara agolo tàbí àpò náà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà bí mílíìkì lónìí ni wọ́n ti fi òróró ewébẹ̀ rọ́pò ọ̀rá wàrà. Tíì yóò ṣeé mu pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ní ara tí ó yẹ. Ẹni tí wàrà màlúù máa ń dà nínú rú lè lo wàrà sóyà, kí ó sì dà á sí i ní ìparí, kí iná kéré, nítorí pé tètè-dì ni wàrà sóyà.

Sísè rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú èròjà. Ẹ fọ atalẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ bó o bí ó bá ṣì tutù, kí ẹ sì gún un nínú odó kékeré títí tí okùn inú rẹ̀ yóò fi là tí omi rẹ̀ yóò sì máa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ kádámọ́mù kí èèpo rẹ̀ là, kí ẹ sì fọ́ èso inú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má da èèpo nù, òórùn wà lára òun náà. Ẹ fọ́ ata dúdú sí méjì-méjì, ẹ ṣẹ́ sínámọ́nì, ẹ fi kànáfùrù sílẹ̀ lódindi. Ẹni tí kò ní odó lè fi ìdí ife tí ó nípọn tẹ̀ wọ́n lórí pátákó. Ẹ má lọ̀ wọ́n kúnná; bí wọ́n bá kúnná, wọn yóò gba inú asẹ́ kọjá, tíì yóò sì máa ha ọ̀fun.

Ẹ da omi tútù sínú ìkòkò, kí ẹ sì da gbogbo èròjà wọ̀nyí sí i kí omi tó gbóná. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ jìn ju ohun tí ẹ rò lọ, kí tíì má ṣe kọjá ìdajì rẹ̀ nígbà tí wàrà bá wọlé. Bí omi bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi. Èkíní, igi àti èso gbígbẹ ni púpọ̀ nínú àwọn èròjà yìí, òróró olóòórùn tí ó wà nínú wọn nílò àkókò kí ó tó jáde, bí egbò igi ṣe nílò àkókò nínú ìkòkò àgbo. Èkejì ni ti atalẹ̀. Nínú atalẹ̀ tútù ni ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní zingibain, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gé èròjà ara (purotéènì) inú wàrà, kí wàrà dì. Ohun tí omi ewé bomubómu ń ṣe fún àwọn Fúlàní tí ń ṣe wàràkàṣì ni atalẹ̀ ń ṣe níhìn-ín; ní ìgbèríko Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ fi omi atalẹ̀ mú kí wàrà dì kí wọ́n lè fi ṣíbí jẹ ẹ́. Ooru omi tí ń hó ń pa agbára yìí. Bí atalẹ̀ bá ti hó nínú omi dáadáa kí wàrà tó dé, wàrà kò ní dì. Ẹni tí ó bá da atalẹ̀ tútù sínú wàrà tí ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ lórí iná ni yóò rí i tí omi ń yà sọ́tọ̀, tí wàrà sì ń ṣù, tí yóò sì máa dá ẹni tí ó ta wàrà fún un lẹ́bi.

Nígbà tí òórùn èròjà bá ti gba ilé ìdáná kan, ẹ da ewé tíì sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì. Omi náà yóò pọ́n, yóò sì ṣú díẹ̀, bí omi àgbo tí ó ti gba èèpo igi. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa mu tíì òyìnbó lè bẹ̀rù pé ewé tí a sè báyìí yóò korò. Yóò korò lóòótọ́ bí a bá dá a mu báyìí. Ṣùgbọ́n wàrà ń bọ̀, èròjà ara inú wàrà ni yóò sì so mọ́ ohun tí ń fa ahọ́n pọ̀ nínú ewé náà, kí líle tíì ṣẹ́kù, kí kíkorò rẹ̀ sì rọlẹ̀. Bí ewé kò bá le tó níbi yìí, wàrà yóò bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ewé inú àpò nìkan ni ẹ ní, ẹ gé àpò mẹ́rin, kí ẹ sì da ohun inú wọn jáde sínú ìkòkò. Èyí tí ó wà nínú wọn sábà máa ń kúnná, nítorí náà ìṣẹ́jú kan tó o.

Ẹ wá da wàrà sí i. Kí ó má ti inú fíríìjì bọ́ síbẹ̀ tààrà bí ẹ bá lè ṣe é, kí ooru ìkòkò má bàa já. Ẹ gbé iná sókè díẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí pé ibi tí ẹ bá ti yíjú ni yóò ti ru. Ìdí rírú yìí ni pé bí wàrà ṣe ń gbóná, èròjà ara àti ọ̀rá inú rẹ̀ ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀. Oru omi tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń gbé awọ náà sókè bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàlúùnù. Nígbà tí fóòmù bá gòkè dé bèbè ìkòkò, ẹ dín iná kù tàbí kí ẹ gbé ìkòkò kúrò, yóò sì wálẹ̀. Ẹ tún gbé iná sókè, kí ó tún gòkè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ máa fi ṣíbí ńlá bù ú sókè, kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Dídà yìí ń fọ́ awọ ojú wàrà, ó sì ń mú kí ara tíì náà dán.

Mo gbé ìlú Pune ní Íńdíà rí nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ tíì sísè. Aaji ni gbogbo wa ń pè é, èyí tí í ṣe ìyá àgbà ní èdè Marathi. Kì í wo aago. Àwọ̀ ni ó ń wò: bí tíì bá ṣì funfun bí ẹ̀kọ, kò tíì jinná, bí ó bá ti dà bí ẹ̀wà olóyin tí a kò tíì sè, ó ti tó gbé kalẹ̀. Títí di òní, àwọ̀ ẹ̀wà olóyin yẹn ni mò ń wò, ó sì sàn ju ìṣẹ́jú tí mo kọ sílẹ̀ yìí lọ, nítorí pé iná ilé kan kò dà bí ti ilé kejì.

Ṣúgà lè wọlé pẹ̀lú wàrà tàbí ní ìparí. Inú ìkòkò ni kí ó ti yọ́, kì í ṣe inú ife; ṣúgà máa ń fa òórùn èròjà jáde lẹ́nu, tíì yìí kò sì ní dé ibi tí ó yẹ bí kò bá ní ṣúgà rárá. Àwọn mìíràn ń lo gur, ìyẹn ṣúgà pupa tí wọ́n se láti inú omi ìrèké tí wọn kò fọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ tó fi sí i, nítorí pé gur lè mú wàrà tí ń hó dì.

Ẹ dé ìkòkò fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, kí ewé lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ife, kí ẹ sì fi ṣíbí tẹ ewé inú asẹ́ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, kíkorò tí a ti sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò jáde. Ife kékeré ni ó yẹ ẹ́. Ní Mumbai, àwọn tí ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà ń ta ìdajì ife fún ẹni tí kò fẹ́ púpọ̀, wọ́n ń pè é ní cutting. Ní Kolkata, ife amọ̀ tí wọn kò dán lójú ni wọ́n ń bù ú sí, òórùn amọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn a sì bá tíì náà lọ dáadáa. Ẹ fi bisikíìtì tàbí búrẹ́dì tí a yan gbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa rì í bọ̀ ọ́.

Bí ó bá kọ̀ láti dára

Bí tíì bá fúyẹ́ lẹ́nu, ewé ni kò tó tàbí ni kò hó tó; ẹ má fi èròjà kún un, ewé ni kí ẹ fi kún un ní ìgbà tí ó ń bọ̀. Bí ó bá korò, wàrà kéré, tàbí ewé ti pẹ́ jù lórí iná kí wàrà tó dé. Bí èròjà kan bá borí àwọn tó kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kànáfùrù ni, ẹ dín in kù sí ẹyọ kan. Bí wàrà bá dì, ẹ ronú sí atalẹ̀ tí kò hó tó, tàbí wàrà tí ó ti ń kan kí ó tó dé orí iná. Tíì tí wàrà rẹ̀ ti dì kò ní àtúnṣe.

Lílọ èròjà pa mọ́

Ẹni tí kò ní àkókò láti gún èròjà ní òròòwúrọ̀ lè lọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni kádámọ́mù 20 gíráàmù, atalẹ̀ gbígbẹ 20, sínámọ́nì 10, ata dúdú 10, àti kànáfùrù 5. Ẹ yan gbogbo rẹ̀ àyàfi atalẹ̀ nínú agbada gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ó kàn gbóná, kí ó má sì jóná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé e sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì tó fún ife méjì. Ẹ fi sí i pẹ̀lú ewé tíì, nítorí pé ohun tí a ti lọ̀ kò nílò ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù méjì, òórùn rẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má lọ ju ohun tí ẹ ó lò tán lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní atalẹ̀ tútù, ẹ ṣì gún díẹ̀ sí i. Èyí tí ó gbẹ ń ta, ṣùgbọ́n kò ní omi àti òórùn èyí tí ó tutù.

Bí wọ́n ṣe ń yí i padà

Kò sí ilé méjì tí tíì wọn rí bákan náà. Ní àkókò òtútù ní àríwá Íńdíà, atalẹ̀ àti ata dúdú ń pọ̀ sí i. Nígbà ooru, ọ̀pọ̀ ènìyàn a yọ kànáfùrù, ata àti sínámọ́nì kúrò, nítorí pé nínú ìmọ̀ ìwòsàn wọn àtijọ́, èròjà tí ń mú ara gbóná ni wọ́n kà wọ́n sí, wọn a sì fi kádámọ́mù àti saunf, àwọn èso tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tí ó dùn lẹ́nu, rọ́pò wọn. Ní Hyderabad, tíì tí wọ́n ń pè ní ti Irani yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ń se tíì lọ́tọ̀, wọ́n ń se wàrà lọ́tọ̀ títí tí yóò fi ki, inú ife ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé.

Èyí tí ó rọrùn jù lọ fún àwa ará ilé ni ti Gujarat àti Maharashtra, níbi tí wọ́n ti ń fi koríko ọba sí tíì. Ewé kan náà tí ó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ wa ni, èyí tí àwọn kan tilẹ̀ ń pè ní ewé tíì, tí a ń fi omi rẹ̀ sè fún ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ gé ewé gígùn méjì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ká a, kí ẹ sì fi sínú omi pẹ̀lú atalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá lo koríko ọba, ẹ fi kànáfùrù àti sínámọ́nì sílẹ̀, kí ẹ fi kádámọ́mù méjì péré sí i. Ní Pune, èyí ni Aaji máa ń sè nígbà òjò, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí ó ní gbogbo èròjà lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń se fún àlejò púpọ̀, ẹ má kàn sọ gbogbo nǹkan di ìlọ́po márùn-ún. Fún ife mẹ́wàá, omi yóò jẹ́ lítà kan àti díẹ̀, wàrà yóò jẹ́ lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ewé yóò jẹ́ ṣíbí mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kànáfùrù kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ, sínámọ́nì kò sì gbọ́dọ̀ ju èèpo mẹ́ta lọ, nítorí pé ìkòkò ńlá ń pẹ́ kí ó tó hó, èròjà sì ń rí àkókò púpọ̀ láti tú jáde. Ẹ sẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú fúláàsì. Ẹ má jẹ́ kí ewé dúró nínú tíì tí ẹ kò tíì mu, nítorí pé yóò máa korò sí i títí. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù tí ó sì ti tutù lè wà nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ẹ tún un gbé kaná lórí iná kékeré, kí ẹ fi wàrà díẹ̀ kún un, kí ẹ sì tẹ kádámọ́mù kan sí i, nítorí pé òórùn kádámọ́mù ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ.